Ọ̀dàn Kì í Ṣe Ilẹ̀ Asán

Ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ bá ẹ̀yin ọlọ́lá àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú sọ ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ koríko ni. Àwa mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Yóò wí pé nígbà tí owó ilẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́ ní Mówè àti ní Ìbafò, tí àwọn ará Èkó ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí, tí ojú ọ̀nà inú ìlú sì kún fún kòtò, ṣé koríko ni ó yẹ kí Ẹgbẹ́ tí ó ní òun ń tọ́jú àṣà Yorùbá jókòó máa kọ ìwé lé lórí? Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rín in tán, kí ó sì wá bá wa níwájú.

Nígbà tí a bá ń ta ilẹ̀ ní agbègbè wa, láti Ìfọ̀ títí dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ní ẹnu alágbàtà ni pé ilẹ̀ yìí jẹ́ oko, tọ̀hún jẹ́ àbàtà, èyí tí ó kù jẹ́ ilẹ̀ asán. Oko ní iye tirẹ̀, nítorí pé olóko yóò gba owó ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Àbàtà ni a óò da iyanrìn dí. Ilẹ̀ asán ni èyí tí kò ní igi ńlá, tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan sí, tí koríko àti òdòdó ìgbẹ́ bò. Katakata kan yóò há a ní ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní asán yìí, ọ̀dàn ni orúkọ rẹ̀. Àwọn baba wa mọ iyì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú: ẹ wo Òkè-Ọ̀dàn, ẹ wo Ọjà-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Yewa tí ó bá wa pààlà. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi ohùn gbọ́: ọdán ni igi tí a ń gbìn sí ojú ọjà fún ìbòòji, ọ̀dàn ni pápá.) Kò sí ẹni tí í fi asán sọ ìlú ní orúkọ.

Ohun tí àwa ń wí ni èyí: ọ̀dàn wa kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run gbàgbé síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí oníbàárà yóò dé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ àdá àti iṣẹ́ iná, tí ìran lẹ́yìn ìran ti ṣe. Ẹni tí ó bá tà á ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ẹni tí ó bá sì fi ọgbà yí i ká, tí ó wí pé òun ń dáàbò bò ó, tí kò sì tún fi ọwọ́ kàn án mọ́, òun náà bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wọ inú rẹ̀ ná, kí á wo ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ dáadáa, yúnyun a ta òdòdó aláwọ̀ ìyeyè káàkiri, yúnyun tí ìyá àgbà fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró kí ilé oògùn tó dé ìlú. Yánrin a yọ òdòdó tirẹ̀, èso rẹ̀ a sì máa fò nínú afẹ́fẹ́ bí òwú. Ẹ̀bọ́lọ̀ a so orí kọ́, ó pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ Abẹ́òkúta. Gbúre a tanná pẹ́pẹ̀pẹ́ ní etí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ̀fọ́ wọ̀nyí ní ọbẹ̀, ẹ kò lè wí pé ẹ kò mọ ọ̀dàn. Ní ibi tí ó ti tutù díẹ̀ ni rinrin wà, àti tẹ̀tẹ̀, àti ọ̀dúndún, àwọn mẹ́ta tí ẹ̀yin ìjòyè mọ̀ ju àwa lọ, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ̀ tí a ń ṣe fún ìlú tí a kì í wá wọn. Inú koríko náà ni àparò ń yé ẹyin rẹ̀ sí lórí ilẹ̀. Inú eèsún ni ọ̀yà ti ń jẹ.

Àwọn kòkòrò rẹ̀ ńkọ́? Ẹ bi olóko ẹ̀gúsí léèrè. Òdòdó ẹ̀gúsí ní akọ ó sì ní abo, gẹ́gẹ́ bí ti elégédé. Bí oyin àti irú rẹ̀ kò bá gbé ìyẹ̀fun inú akọ dé inú abo, òdòdó yóò rẹ̀ dànù láìso. Ẹ̀gúsí kì í tanná ju ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Kí ni oyin yóò máa jẹ ní gbogbo oṣù tí ó kù? Òdòdó ìgbẹ́ ni. A há òdòdó dànù, a tún ń bú ilẹ̀ pé kò so ẹ̀gúsí mọ́.

Òdòdó kan wà tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà ń há sórí, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn kò rí rí. Ní ẹsẹ̀ àmì àṣẹ ìjọba tí a gbà ní 1960, níbi tí ẹṣin funfun méjèèjì dúró sí, òdòdó ni a yà síbẹ̀. Costus spectabilis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ọmọ ọ̀dàn ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, gbòǹgbò rẹ̀ a sùn sínú ilẹ̀, iná a kọjá lórí rẹ̀ kò ní mọ̀. Nígbà tí òjò bá dé, ewé rẹ̀ mẹ́rin a tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀ bí àwo, òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè a sì jókòó sí àárín. Lórí àmì àṣẹ náà, pupa ni a kùn ún. Ó ti lé ní 60 ọdún tí ó ti wà bẹ́ẹ̀ lórí owó, lórí ìwé ìrìnnà àti lára ògiri ilé-ẹjọ́, kò sì sí ariwo kankan. Bí a bá kun ẹṣin ní àwọ̀ ewé, ìlú ìbá ti dàrú, nítorí pé a mọ ẹṣin.

Ǹjẹ́ kí ni ó mú kí ọ̀dàn wà bí ó ti wà? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọ́n ń sọ fún wa pé igbó kìjikìji ni ó bo gbogbo ìhà gúúsù yìí rí, pé oko dídá àti iná sísun ni ó sọ apá kan di pápá, nítorí náà pápá jẹ́ igbó tí ó ṣòfò, kí a má ṣe káàánú rẹ̀. Àwa kò bá wọn jiyàn lórí ìdajì àkọ́kọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nítòsí wa. Ní Olókeméjì, láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ya igbó ọba sọ́tọ̀ ní 1899, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ sí mẹ́ta ní 1929 láti fi dán iná wò. Apá kan, wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ háráhárá. Apá kejì, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko. Apá kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kàn án rárá. Ìròyìn àyẹ̀wò tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 28 jáde ní 1960. Èyí tí iná kò kàn ti di igbó, òjìji igi sì ti lé koríko lọ. Èyí tí a ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di pápá gbalasa, àwọn igi tí iná kò lè pa nìkan ni ó kù níbẹ̀. Èyí tí a ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wà láàrin méjèèjì: igi wà níbẹ̀, koríko náà sì wà.

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ wọn ni àwa kò gbà. Bí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn bá sọ ohun kan di èyí tí ó jẹ́, ṣé ìyẹn ni ó sọ ọ́ di òfò? Òwú ni aṣọ òkè jẹ́ kí ahunṣọ tó fọwọ́ kàn án. A kò rí ẹni tí ó wí pé aṣọ òkè jẹ́ òwú tí ó ṣòfò. Àwọn tí ó fi ilẹ̀ ṣe pápá mọ ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń wá, àti ewé, àti koríko tí wọn yóò fi bo ilé àti ebè iṣu. Wọ́n sì ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ọgbọ́n náà ni a fi ṣe ọdún ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá àti ará Rẹ́mọ, ẹ má ṣe bínú bí a bá mú Ọ̀yọ́ wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé koríko ni gbogbo wa ti jáde. Bẹẹrẹ ni orúkọ koríko tí a fi ń bo ààfin Aláàfin. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ó bá ti gbó, a gé e, a dì í ní ìtí, àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ a sì gbé tiwọn wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó máa dáná sun ìgbẹ́. Ọdún Bẹẹrẹ yìí jẹ́ pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ka iye ọdún tí Aláàfin ti lò lórí oyè pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ìjọba ńlá tí ń fi koríko gígé ka ọjọ́ ayé ọba rẹ̀. Ní ayé Aláàfin Ládìgbòlù Kìn-ín-ní, tí ó jọba láti 1911 dé 1944, àwọn òyìnbó aláṣẹ fẹ́ ọdún náà lójú títí ó fi di ọ̀ràn òṣèlú, tí àwọn ìlú kan ń rò pé ìsìn ni wọ́n ń fi í sin Ọ̀yọ́. Páànù sì dé. Ilé tí kò gba bẹẹrẹ mọ́ kì í bèèrè pápá tí bẹẹrẹ ti ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ètò iṣẹ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Gígé ni ó ṣáájú, iná ni ó tẹ̀lé e. Koríko tí a ti gé tí a sì ti gbé lọ kò fi oúnjẹ púpọ̀ sílẹ̀ fún iná. Iná náà yóò kọjá wéré, yóò jẹ ìdọ̀tí orí ilẹ̀, kò sì ní dé ìdí gbòǹgbò. Irúgbìn ti gbọ́n sílẹ̀ kí a tó gé e, nítorí koríko tí kò tíì gbó kò ṣeé fi bolé. Oòrùn yóò wá rí ojú ilẹ̀, àwọn òdòdó kéékèèké tí koríko gíga ìbá bò mọ́lẹ̀ yóò yọrí ní àkọ́rọ̀. Ẹni tí kò gé, tí ó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ títí di oṣù kẹta, tí ó wá ju sìgá sí i láti inú ọkọ̀, kò ṣe ohun tí baba rẹ̀ ṣe. Òun ni màjàlà rẹ̀ ń bọ́ sórí aṣọ tí a sá, tí iná rẹ̀ ń jó oko olóko, tí a sì ń fi í bú gbogbo iná pé ìwà àìlajú ni.

Àwọn tí ó kọ́ àwọn baba wa pé ìwà àìlajú ni, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pápá òdòdó ní ayé àtijọ́, tí àwọn àgbẹ̀ ń fi dòjé gé ní àárín ìgbà ooru lẹ́yìn tí òdòdó ti so, tí wọ́n sì ń da màlúù sí i lẹ́yìn náà. Láàrin àwọn ọdún 1930 àti 1984, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún irú pápá bẹ́ẹ̀ ni ó parẹ́ ní Ẹ́ńgílándì àti Wales. Ìtúlẹ̀ àti ajílẹ̀ inú àpò ni ó pa wọ́n. Ní 2013, ọmọ ọba wọn, ẹni tí ó ti di ọba wọn nísinsìnyí, dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ pé kí agbègbè kọ̀ọ̀kan yan pápá àtijọ́ kan tí ó ṣẹ́ kù, kí a máa bu irúgbìn inú rẹ̀ lọ gbìn síbòmíràn. Wọ́n ń ná owó láti kọ́ ọ̀dọ́ bí a ti ń lo dòjé. Àwa kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. A sọ ọ́ nítorí pé àwa ṣì ní àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ kọjá ní ìgbẹ̀yìn òjò, ẹ ó rí òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè kan tí ó tò lọ bèbè ọ̀nà bí ọmọ ogun, àwọn èrò ọkọ̀ a sì máa yìn ín. Jogbo ni. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ó ti wá, ibi tí ó bá sì gbà, kò jẹ́ kí ọmọ onílé hù níbẹ̀. Èyí tí àwọn ará oko ń pè ní Akíntọ́lá tàbí Awólọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣèlú tí kálukú wọn ń ṣe nígbà náà, àlejò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà. Ní ojú omi, ewéko olódòdó àlùkò tí ó gba odò Bẹ̀nẹ̀ wọlé sí Badagry ní 1984 ti ń lé òṣíbàtà kúrò lórí odò. Ìdí tí àwọn àlejò wọ̀nyí fi ń gbilẹ̀ kò jìn: ilẹ̀ tí a há, tí a tì sílẹ̀ láìkọ́, tí ẹnikẹ́ni kò gé, ni wọ́n fẹ́ràn jù lọ. Ẹ wo àwọn ilẹ̀ tí a ti fi òpó símẹ́ńtì mẹ́rin ṣe àmì sí ní Mówè, kí ẹ rí ohun tí ó hù síbẹ̀.

Àbàtà ńkọ́? Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ìbátan tímọ́tímọ́ sì ni wọ́n. Odò Ògùn gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì gba ìhà ìwọ̀-oòrùn Mówè àti Ìbafò lọ sí ọ̀sà Èkó. Nígbà tí ó bá kún, inú koríko àbàtà ni ó ti ń sinmi; koríko yóò fa omi náà dúró, yóò máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2010, nígbà tí òjò pọ̀ tí a sì ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, odò náà wọ ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ sì sá jáde tàwọn tọmọ. Lọ́dọọdún tí a bá da iyanrìn sí àbàtà kan lókè, omi tí ó ń sinmi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wá ilé ẹlòmíràn lọ nísàlẹ̀. Ọ̀fàdà tí ó fi ìrẹsì rẹ̀ lókìkí ní gbogbo ayé kò jìnnà sí Mówè rárá; ẹ bi àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ léèrè ohun tí àkùrọ̀ jẹ́ fún wọn.

Wọn yóò wí pé ènìyàn ni yóò gbé ilé, kì í ṣe àparò. Òtítọ́ ni. Àwa kò wí pé kí a má ta ilẹ̀ kankan mọ́, àwa kò sì ya wèrè. Ohun tí àwa wí ni pé ìlú tí ó bá ta gbogbo rẹ̀ kò ta ilẹ̀, ara rẹ̀ ni ó tà. Wọn yóò tún wí pé ìjọba ni ó ni ilẹ̀. Ọdún kan náà, 1978, ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí Òfin Ilẹ̀ sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ ẹni tí ń fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ sì mọ ẹni tí ń jẹ owó rẹ̀. Ẹnu tí ó lè wí pé kí a tà lè wí pé kí a má tà. Igbó òrìṣà Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní olùgbèjà tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ UNESCO fi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Pápá kò ní ẹnikẹ́ni, nítorí pé òrìṣà kì í sábà gbé inú koríko.

Nítorí náà àwa ń bẹ ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin baálẹ̀ àti olórí ìdílé onílẹ̀, pé kí Ìfọ̀, Mówè àti Ìbafò, ìlú kọ̀ọ̀kan, ya pápá kan sọ́tọ̀ tí a kò ní tà. Kò di dandan kí ó tóbi. Kí a gé e lẹ́yìn tí irúgbìn bá ti gbọ́n. Kí a pín in sí mẹ́ta, kí apá kan ṣoṣo máa rí iná lọ́dún, ní àárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà, kí ẹgbẹ́ ọdẹ dúró ti iná náà pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́. Kí a hú jogbo àti Akíntọ́lá tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí wọ́n tó tanná. Oògùn apakoríko kò gbọdọ̀ débẹ̀. NAFDAC tilẹ̀ ti fòfin de páráquàt láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọjà kò sì gbọ́. Kí àwọn ìyá máa já yánrin àti ẹ̀bọ́lọ̀ wọn bí wọ́n ti ń já a. Koríko tí a gé yóò rí ẹni rà á: àwọn ilé ìtura ní Èkó ń wá koríko fún òrùlé àgọ́ wọn, àgbẹ̀ sì ń wá ohun tí yóò fi bo orí ebè.

Ẹ̀ẹ̀rùn kò ní í dúró de ìpàdé. Kí ìlú tí ó bá gbà fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí akọ̀wé Ẹgbẹ́ kí ọyẹ́ tó dé, kí ó kọ orúkọ pápá náà sí i, àti ààlà rẹ̀, àti ìdílé tí ó ni ín, àti orúkọ àgbàlagbà tí ó ṣì lè wo koríko kí ó sọ pé ó ti gbó.